Ojú Ni Mo Fi Ń Gbọ́rọ̀

Bí ẹ bá wá kí mi nílé wa ní Agége, ẹ má pariwo. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí ariwo àwọn bá ti pọ̀ tó, màá gbọ́. Mi ò lè gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ mú kálàmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síléètì mi, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí i. Èmi á fi ẹnu dá yín lóhùn, nítorí etí ló kú, ẹnu kò kú. Àwọn ará ilé mi tilẹ̀ sọ pé láti ìgbà tí etí ti lọ ni ẹnu ti gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe.

Síléètì tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí a fi ń kọ ABD nígbà èwe wa. Ẹ̀rọ ìkàwé ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ka ìwé láìsí bébà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìwé kíkà ni mo ṣe wá a lọ. Iṣẹ́ tí mo fi ìgbà ayé mi ṣe ló gbé mi dé ìdí rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Aṣọ híhun niṣẹ́ mi. Kì í ṣe aṣọ òfì tí bàbá mi ń hun ní Ìkìrun o. Ti ilé iṣẹ́ ńlá ni, ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti tò lọ bí ebè inú oko. Àbúrò bàbá mi ló mú mi lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo lè dìde dúró fún gbogbo ọjọ́, mo ní mo lè dúró. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ owó oṣù yọ yín lẹ́nu.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ jẹ́ ọmọ Èkìtì, wọ́n ń jẹ́ Dúró. Fóòmàn ni wọ́n. Ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń so okùn mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ torí awọ rẹ̀ ti já. Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ariwo náà gbá mi láyà débi pé mo fà sẹ́yìn. Igi tó ń gbé òwú sáré lọ sáré bọ̀ nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbá ìhà kan, ó ń gbá ìhà kejì, ẹ wá ro ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn papọ̀. Mo rí i tí ẹnu Ọ̀gá Dúró ń mì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Wọ́n fà mí jáde padà, wọ́n fi ìka kan ojú mi, wọ́n ní, "Ojú rẹ ni etí rẹ níbí. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbọ́ràn, kó máa lọ sílé."

Mo rò pé wọ́n máa fi ẹ̀rọ hàn mí kíákíá. Rárá o. Fún ìgbà pípẹ́, wíwò ni wọ́n fi kọ́ mi. Ọ̀gá á dúró ní ìpẹ̀kun yàrá lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe àmì. Bí a bá gbé ìka méjì kọjá ara wọn, okùn ti já nìyẹn. Bí a bá fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà, pa ẹ̀rọ. Bí a bá na ọwọ́ méjèèjì sókè tí a wá jù wọ́n sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, gbogbo ènìyàn síta. Ẹni tí kò bá gbójú sókè láàrin ìṣẹ́jú kan sí ìkejì, ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa fún un kó máa gbá eruku òwú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gba ìgbálẹ̀ náà títí mo fi mọ ọ̀pá rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Olúkúlùkù wa ló ní orúkọ ọwọ́. Nítorí ilà ojú mi, ìka mẹ́ta tí a fà wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ni èmi. Rájí, tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ló ga jù wá lọ, nítorí náà bí a bá fẹ́ pè é, a ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àtàrí. A lè fi gbogbo òwúrọ̀ tàkúrọ̀sọ láìya ẹnu. A ń fi ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀gá lẹ́yìn wọn, bí wọ́n bá sì yíjú, a ó máa fi ọwọ́ náà họ orí bí ẹni pé iná orí ló ń yọ wá lẹ́nu. Rájí ni ọ̀rẹ́ tí mo ní jù nínú ayé mi. Òun ló bá mi lọ tọrọ ìyàwó mi.

Ó kàn di ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Òwú àti ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Eruku òwú ti kó jọ sí ara wáyà lókè àjà, wáyà náà sì ta iná. Ọ̀gá Dúró ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n jù wọ́n sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, gbogbo wa gbójú sókè, a sì ń jáde. Àfi Rájí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń so okùn tó já, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa.

Mo kọjú sí i, mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta mí. Ariwo ẹ̀rọ gbé e mì, èmi tí mò ń pè gan-an kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ bá a. Iná ọba wá lọ lójijì, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn mi ti jáde, "Rájí!" Ó gbọ́. Ó yíjú, ó wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni àjà já lulẹ̀ sáàrin àwa méjèèjì.

Ọ̀gá Dúró ló wọ́ mi jáde. Wọ́n gbé Rájí náà jáde, ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kò padà wálé. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bó ṣe ń dunni tó kí á máa pe ẹni tí a fẹ́ràn, kó wà níwájú ẹni, kí orúkọ rẹ̀ má sì dé etí rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé èmi náà ló kàn.

Wọ́n tún yàrá náà kọ́, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Dúró fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ èmi náà di fóòmàn, mo sì le bí wọ́n ṣe le. Ẹ̀rọ mìíràn dé láti òkè òkun, èyí tí afẹ́fẹ́ ń ti òwú rẹ̀ kọjá, tí kò lo igi mọ́. Wọ́n ní ó yá ju ti àtijọ́ lọ, òótọ́ ni. Ariwo tirẹ̀ kì í gbá ni láyà, ó kàn máa ń dún fíìì nínú agbárí bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá ń hó. Òwú la fi ń dí etí, kò sì tó nǹkan kan, torí ariwo yẹn gba inú egungun wọlé. Nígbà tí aṣọ òkèèrè kún ọjà tí ilé iṣẹ́ wa sì kógbá sílé, mo lọ bá àwọn kan tó ń hun táwẹ́ẹ̀lì ní Ògbà, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń ní ohun tó ń jẹ lára ẹni tó ń lò ó.

Etí náà kò kú lọ́jọ́ kan. Ohùn àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà òjò lórí páànù. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí nílé ìwòsàn, igbe lásán ló ń ké sí mi nínú. Dókítà kọ ọ́ sí bébà fún mi pé ariwo ibi iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, èédú ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Kò lọ sí iléèwé rí. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa ló ti máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Àlàmú, ẹ jí ire?" Oríkì mi ni Àlàmú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pè é lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Fúnmi ni mò ń jẹ́ títí a ó fi sùn. Bí a bá jà lálẹ́ àná, á pè é. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, á fi orí ibùsùn pè é.

Nígbà tí etí mi ti dí tán, ó ṣì ń kúnlẹ̀, mo ṣì ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ètè náà kò mì mọ́. Á kúnlẹ̀, á dìde, á gba ìdí èédú lọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ta ló máa máa pe ẹni tí kò ní dáhùn? Mo kọ́ ọ ní díẹ̀ nínú àmì ọwọ́ ilé iṣẹ́ wa: oúnjẹ, omi, ẹ wá, àlejò dé. A fi ń gbélé. Ṣùgbọ́n àmì ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn, ìka mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kò sì lè di Àlàmú. Mo ń pa àlọ́ fúnra mi nínú ilé, mo sì dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ wa, Fúnmiláyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, ra fóònù fún mi pé kí wọ́n lè máa kọ̀wé sí mi. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta mí lójú bí iná ẹni tó ń jó irin. Àwọn ènìyàn kì í sì fi àmì sí Yorùbá orí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ọkọ Fúnmi kọ̀wé sí mi pé, "Baba, iya n bo lonii." Mo kà á pé ìyà ń bọ̀ lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ àdúrà, mo fi omi ìyè wọ́n gbogbo igun ilé. Ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Oǹdó wá dúró síta nínú oòrùn, ó ń kan ilẹ̀kùn tí adití kò gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a ti ń rẹ́rìn-ín, mo ń rò ó pé ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn kò lè mọ iṣẹ́ tí àmì orí ọ̀rọ̀ ń ṣe.

Fúnmi wá mú mi lọ sí ọjà ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní Ìkẹjà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀, ó sì ní sùúrù. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìkàwé kékeré kan jáde, ó ní ẹgbàágbèje ìwé ló ń gbà. Mo ní ṣé mo lè kọ nǹkan sí i, ó mi orí pé rárá. Mo ní kó gbé e padà, torí kì í ṣe ìwé ni mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀, ènìyàn ni. Ó gbé òmíràn wá tó ń tàn yòò, tí ìkéde oríṣiríṣi ń fò jáde lórí rẹ̀. Mo gbójú kúrò. Ẹ̀kẹta ní kálàmù, ojú rẹ̀ sì dà bíi bébà. Mo gbé e lọ sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣì ń rí ohun tó wà lórí rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ìwé orin Yorùbá lórí rẹ̀, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ àti ọ tó lámì wà ti di àpótí kékeré òfìfo.

Ọ̀dọ́bìnrin náà sọ̀rọ̀, Fúnmi sì kọ ọ́ sí bébà fún mi: ó ní àwọn ènìyàn kì í sábà wo àmì, pé wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n bákan ṣáá.

Mo ní, "Ẹni tó ń gbọ́ràn ló lè máa méfò, ọmọ mi. Àmì yẹn ni ohùn tó kù fún èmi."

Ó wọ inú lọ, ó gbé èyí tó fẹ̀ jù wá, ó mú kálàmù rẹ̀, ó kọ "Ẹ má bínú, sà" sí i, ó sì ń fi ẹnu wí i bó ti ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé mo ti rí tèmi. Ó fẹ̀ tó kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dán lè kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí i, àmì orí lẹ́tà inú rẹ̀ pé, wọ́n sì ṣe é sọ di ńlá, kò sì bìkítà bóyá iná ọba wà tàbí kò sí, torí bí a bá fi agbára sí i lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ fún àgbàlagbà yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye ìwé tó ń gbà tàn yín. Ẹ bi ara yín pé kí ni bàbá tàbí ìyá yín pàdánù, kí ẹ wá wò ó bóyá ohun tí ẹ dì mú lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wòlíì bá ń wàásù, Alàgbà tó jókòó tì mí á máa kọ kókó ọ̀rọ̀ sórí síléètì, bó bá sì sú u, á kọ pé ìwàásù òní ti ń gùn jù. Orin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bí ìka. Mo ti ya àwọn àmì ọwọ́ ilé iṣẹ́ wa sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa bá wa lọ. Àtẹ́lẹwọ́ lórí àtàrí ni mo kọ́kọ́ yà.

Gbogbo ènìyàn ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀, àfi ẹni tí mo fẹ́. Bí àlejò bá kọ ohun kan tí mo rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́ á wo ojú mi, á wo síléètì, á fi ọwọ́ bi mí pé kí ni. Màá sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a túmọ̀ ti di ẹ̀rín tó tutù. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó mú kálàmù náà, tó yí i wò, tó sì gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ ọ́, màá wo ẹnu rẹ." Ó ju ọwọ́ dànù pé kò sí nǹkan. Mo wá rí i pé ohun tí mo rà kí ilé wa lè ní ohùn ti fẹ́ sọ ìyàwó mi di àlejò nínú ilé náà. Ó bà mí nínú jẹ́ débi pé mo ronú àtigbé e fún Fúnmi.

Nígbà yẹn náà ni Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́rú. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo sì mọ orí ẹni tó ń gbà á lé. Mo yà sí ìdí èédú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tí wọ́n ti fi èédú fa ìlà àti òbìrìkìtì kún ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ àdúgbò yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wò mí, ó fa àpò èédú kan bo ibẹ̀, ó sì ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan ni. Mo lajú, mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo retí kó dìde kó máa lọ. Kò dìde. Síléètì wà lórí itan rẹ̀, ó fi gbogbo ìka di kálàmù mú bí ẹni tó fẹ́ bẹ iṣu. Ó ń kọ nǹkan, ó ń dúró, ó ń tún kọ. Ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ síta. Nígbà tó ṣe, ó na síléètì náà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àmì ìka rẹ̀ sì dúdú létí rẹ̀.

Lẹ́tà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Wọ́n gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, L ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé èyí tó tẹ̀ lé e.

ALAMU

Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Kíláàsì ìkọ̀wé tí ìyàwó Alàgbà ń ṣe fún àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́rú kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ àmì. Mo gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e dé orí lẹ́tà àkọ́kọ́ láti tún un ṣe. Mo wò ó lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ojú mi, ètè rẹ̀ pa dé.

Mi ò fi àmì sí i. Mo ti gbọ́ ọ.

Mo ní, "Mo jí ire, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé ìwọ náà sùn dáadáa?"